Asáré Kan Nínú Aago Méjì

Ọkọ àbúrò mi fà mí láṣọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà sọ ọ́. A wà ní ìwé kẹfà, a ń sáré ìje yípo pápá ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì wà níwájú gbogbo wọn. Nígbà tí a dé ìyànà ìkẹyìn, mo gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi, lẹ́yìn náà mo mọ ọwọ́ rẹ̀ lára tó di ìdí ṣẹ́ẹ̀tì mi mú. Mo fi orúnkún lélẹ̀, mo fi àgbọ̀n lélẹ̀. Òun ló gba ife. Olùkọ́ bi í lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pé ṣé ó fọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Rárá, sà. Ó fẹsẹ̀ kọ ni. Èmi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mo gbọn yẹ̀pẹ̀ ara ṣòkòtò mi nù, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ìdánwò àṣejáde ku oṣù méjì. Bàbá mi bẹ̀ mí, ó nà mí, ó tún bẹ̀ mí. Mo ní ibi tí wọ́n ti pe irọ́ ní òótọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ mi níbẹ̀? Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ káfíńtà nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹsẹ̀-Iná. Ó dàgbà, ó di oníbúrẹ́dì, orúkọ náà kò sì fi í sílẹ̀. Nínú gbogbo obìnrin tó wà láyé, àbúrò mi ló tún rí fẹ́. Mo lọ síbi ìgbéyàwó wọn. Èmi náà ni mo kan bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn lé títí di òní, nítorí àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kànlélógójì, n kò pè é ní Ẹsẹ̀-Iná rí. Bí mo bá sì kí i, "o kú" ni mo máa ń sọ. N kì í sọ èyí tó kù.

Lọ́dún yìí, ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tó wà ní òpin àdúgbò wa kéde eré ìje kìlómítà mẹ́wàá, wọ́n sì ya ìpele kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo gbọ́ pé oníbúrẹ́dì ti fi orúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo fi tèmi náà sílẹ̀. N kò wá ife. Ohun tí mò ń wá ni pé kí n borí rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí n wá yíjú sí i, kí n bi í ní ìbéèrè tí olùkọ́ bi í lọ́jọ́ náà. Ohun tí a fi ariwo bà jẹ́, a kì í fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tún un ṣe.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi obìnrin, kò sì gbà fún mi bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ga," ó ní. "Ẹ ò lè kàn dìde lọ́jọ́ kan kí ẹ máa sá bí ẹni tí ajá ń lé."

Ó so aago kan mọ́ mi lọ́wọ́, irú èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ènìyàn ṣe sùn. Ó ní kí n wá ètò tí n ó máa tẹ̀lé, pé oríṣiríṣi ló wà lórí fóònù.

Mo wá a fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo lè kàwé dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo fi sílẹ̀, n kò fi ìwé sílẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí kò gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni: ọjọ́ Ajé, kìlómítà mẹ́ta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, márùn-ún, bí ibà bá ń ṣe ọ́, márùn-ún, bí o kò bá sùn, márùn-ún náà ni. Nínú èkejì, obìnrin kan ń pariwo mọ́ mi pé mo lè ṣe é, mo lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò rí mi rí. Ẹ̀kẹta béèrè ọjọ́ orí mi àti bí mo ṣe wúwo tó, ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n padà. Mo pa á rẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ wo bí mo ṣe sá lánàá, bí mo ṣe sùn àti bí ọkàn mi ṣe ń lù, kí òun tó sọ ohun tí n ó ṣe lónìí. Bí ó bá rẹ̀ mí, yóò dín in kù. Bí ara mi bá le, yóò fi kún un. Ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ènìyàn kì í gbé ìfági lé pákó tí kò tíì wo bí iṣan rẹ̀ ṣe lọ.

Lọ́jọ́ tí aago náà kọ́kọ́ ní mo ti sá kìlómítà méjì, mo mú téèpù ìwọ̀n mi, mo padà sójú ọ̀nà, mo sì wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ilé epo. Odindi òwúrọ̀ kan ló gbà mí. Obìnrin tó ń ta aṣọ jáde sí mi.

"Káfíńtà, títì ni wọ́n fẹ́ là? Ṣé ilé tèmi wà nínú èyí tí wọ́n máa wó?"

"Aago mi ni mò ń yẹ̀ wò."

"Aago?" Ó wo téèpù, ó wo mí, ó sì wọlé lọ pe ọkọ rẹ̀ kó wá wò mí.

Mítà mẹ́jọ ni aago náà fi ṣì í. Mo forí jì í.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń sá, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́rú kan ni mo jí, tí aago sọ fún mi pé: "O ṣe dáadáa nínú eré ìrọ̀lẹ́ àná. Sinmi lónìí." Eré ìrọ̀lẹ́ wo? Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ni mo wà nírọ̀lẹ́ àná, mò ń kan ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní bóyá òòlù tí mò ń lù ló kà sí eré. Mo sinmi. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n sá kìlómítà mẹ́jọ nítorí pé mo ti ń lágbára sí i. Mo sá a, ògiri ni mo dì mú wọlé. Nígbà tó di Sátidé, ó yà á sórí fóònù bí ẹni ya àwòrán ilẹ̀ pé mo ti sá láti ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì yípo àdúgbò, mo sì padà síbẹ̀.

Mo pe ọmọ mi. "Aago tí o rà fún mi ti ya wèrè."

Ó gba fóònù, ó ń fi ìka fà á sókè sódò. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Mo ti ń bínú ná. Sọ ọ́."

Ó ní àbúrò mi ló ní kí òun bá a wá irú aago kan náà fún ọkọ rẹ̀, oníbúrẹ́dì. Nítorí pé nínú ẹbí wa, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ oníbúrẹ́dì níwájú mi, bòókẹ́lẹ́ ló ṣe é. Ìkánjú mú un, ó fi orúkọ kan ṣoṣo wọlé fún aago méjèèjì. Èmi ń sá láàárọ̀, òun ń sá nírọ̀lẹ́, ètò náà sì gbà pé ọkùnrin kan wà níbì kan tí àárẹ̀ kì í mú.

"Yà wá," mo ní. "Yà wá lónìí."

"Bí mo bá yà yín, á gbàgbé gbogbo ohun tó ti mọ̀ nípa yín. Eré sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á ní kí ẹ máa rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù."

"Kí wá ni ṣíṣe?"

Ó wo òkè àjà, kò wo ojú mi. "Ẹ jọ máa sá a pọ̀. Ibì kan náà, àkókò kan náà. Eré ẹnì kan ló máa kà á sí."

Mo fi ọjọ́ méjì bínú. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ sí ilé búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun ti bo irùngbọ̀n rẹ̀.

"O kú," mo ní.

"Mo kú kí ni, ẹ̀gbọ́n? Ẹ bá mi parí ẹ̀ lónìí."

Mo na ọwọ́ aago mi sí i, mo ṣàlàyé. Ó jókòó lé àpò ìyẹ̀fun, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń múra àtilọ rí dókítà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́. Aago yìí á ní mo sáré ní mẹ́fà. Mo ní ṣé ojú oorun ni mo ti ń sá ni? Àbúrò yín ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń fi kọ́kọ́rọ́ sí."

N kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ilé ni mo ti rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni a fi àdéhùn sí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, èmi ń sá lápá ọ̀tún títì, òun ń sá lápá òsì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo eré, ètò náà máa ń béèrè bó ṣe nira tó, láti oókan dé ẹẹ́wàá, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì ń gbà.

"Mẹ́ta," mo ní.

Ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. "Mẹ́sàn-án ni o. Ẹ̀gbọ́n, a kì í parọ́ fún aago."

Mo wò ó. "Ìwọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wolẹ̀. Mẹ́fà la kọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ọ̀nà àtisọ ọ́. A ó máa sá lọ, títì á dá páropáro, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ yẹn, nílé ẹ̀kọ́," mo sì máa fi kún eré. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú èémí tí kò tó o láti sọ̀rọ̀. Aago ń yìn wá pé a ti yá sí i. Ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí n kò jẹ́ kó sọ ọ́. Mo ní etí mi nìkan kọ́ ló gbọ́ irọ́ náà.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó lè sín ajá ìdí ilé epo jẹ, ó lè sín obìnrin apariwo inú fóònù tí mo ròyìn fún un jẹ, àní ó ń sín èmi pàápàá jẹ níbi tí mo ti ń wọn títì. Ó ṣòro láti máa di ènìyàn sínú nígbà tí ẹ̀rín ń fún ni níhà.

Ọjọ́ eré pé. Àbúrò mi àti ọmọ mi dúró níbi tí eré ń parí sí, pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Èmi àti oníbúrẹ́dì jọ sá kìlómítà mẹ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Ní ìkẹwàá, mo ṣáájú rẹ̀, mo sì fi bí ìṣísẹ̀ méjìlá borí rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ télọ̀ ti borí àwa méjèèjì. Ó ti jókòó, ó ti mu omi tán.

Mo yíjú padà láti bi í ní ìbéèrè mi. Ẹnu mi là, èémí nìkan ló jáde.

Onígbàjámọ̀ tó mú makirofóònù lọ́wọ́, a jọ wà ní ìwé kẹfà ni. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, Ẹsẹ̀-Iná náà ti dé. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé káfíńtà ṣáájú rẹ̀ lónìí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ojú mi ló ṣe, ẹ̀yìn Ẹsẹ̀-Iná ló wà, ló bá tún fẹsẹ̀ kọ, ó fi àgbọ̀n gbálẹ̀." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Oníbúrẹ́dì tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo dúró níbi tí mo wà, n kò sì lè sá síwájú mọ́. Ó na ọwọ́ sí makirofóònù. Onígbàjámọ̀ rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ni, ó gbé e fún un.

"Kò fẹsẹ̀ kọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ kan ògiri ilé-iṣẹ́ náà, ó sì padà wá. "Iwájú mi ló wà. Èmi ni mo fà á láṣọ, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni mo fi fà á. Olùkọ́ bi mí, mo parọ́. Ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí: ẹ̀gbọ́n ẹ ló yẹ kó gba ife yẹn."