Bí Mo Ṣe Fẹ́ Dá Aago Hamburg Padà sí Ti Èkó

Èmi Gbémiga yìí, mo ti fi ọwọ́ ara mi fa oòrùn sẹ́yìn rí. Kì í ṣe àlá o. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ebúté Hamburg, oòrùn fẹ́ yọjú ṣáájú àkókò rẹ̀. Mo mú okùn tí wọ́n fi ń so ẹrù inú kọ̀ǹténà, mo jù ú sókè, ó kọ́ oòrùn lọ́rùn, mo fà á wálẹ̀, mo sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ kíréènì fún odindi wákàtí kan. Àwọn ẹyẹ etí omi padà lọ sùn. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rìnlá láti ilẹ̀ Ṣáínà ló ṣìnà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," kó tó bá tirẹ̀ lọ. Àpá tó wà lọ́wọ́ mi yìí, oòrùn ló jó mi. Àwọn aláìgbàgbọ́ ní epo dòdò ni. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹni tó bá ti so oòrùn rí, ṣé aago ara ògiri lásán ló máa wá bà á lẹ́rù? Ìyẹn ló jẹ́ kí n wọ òṣèlú.

Neukölln ní Berlin ni mò ń gbé, àjà kẹta. Nísàlẹ̀ mi ni Maximilian ti ń ṣe búrẹ́dì. Òyìnbó náà ga débi pé bí òjò bá ń bọ̀, orí tirẹ̀ á ti tutù tán kí àwa tó gbọ́ pé òjò ń rọ̀. Lọ́dọọdún ní oṣù kẹta, ìjọba Jámánì á sún aago gbogbo ìlú síwájú ní wákàtí kan, wọn ò sì ní dá a padà títí di oṣù kẹwàá. Maximilian tó ti ń jí ní aago méjì òru pòyẹ̀fun ní ó ti tó gẹ́ẹ́. "Wákàtí mi tí wọ́n ń mú lọ yìí, ta ló ń lò ó?" Bí ó ṣe dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé ìwé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹgbẹ́ ti Maximilian, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní lẹ́nu: kí agbègbè kọ̀ọ̀kan yan aago tó bá wù ú. Kí ẹni tó bá fẹ́ sún tirẹ̀ sún un, kí ẹni tí kò bá fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní iye tí ọ̀dùnkún wà lọ́jà, aago ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹgbẹ́ Aago la wá ń pè é.

Ní Berlin, àwọn èèyàn ń fọwọ́ sí ìwé wa bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Hamburg ló fẹ́ dójú tì wá. Kí orúkọ ẹgbẹ́ tó lè wọ ìwé ìdìbò níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gbé Hamburg, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ onílùú lórí ìwé, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kálukú lórí tirẹ̀, kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni mọ́kànléláàádọ́rin péré la rí.

"Gbémiga," Maximilian bi mí, "ṣé o mọ ẹnikẹ́ni ní Hamburg?"

"Hamburg kẹ̀! Ṣé ẹni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà lo ń torí ẹ̀ káwọ́ lérí? Bí mo bá húkọ́ ní àdúgbò Wilhelmsburg níbẹ̀ báyìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn ló máa sọ pé 'pẹ̀lẹ́ o'."

Ó gbà mí gbọ́. Òyìnbó ò mọ̀ pé ẹnu kì í san owó orí. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin fún mi, ó fi àpò búrẹ́dì kan lé e.

Kí n má purọ́ fún yín, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní Wilhelmsburg: Àǹtí Rónkẹ́ tó ń dirun, tí mo máa ń bá kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Òun náà ni Ẹgbẹ́ Aago fẹ́ fà kalẹ̀ fún ìdìbò níbẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, orí ìyàwó onímọ́tò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Àǹtí."

"Gbémiga! Òpùrọ́ tí í pa irọ́ tí irọ́ fi ń sunkún. Ta ló rán ọ sí mi?"

"Ẹgbẹ́ ló rán mi. Èmi ni màá kó èèyàn wá. Mo ti kó wá sí Wilhelmsburg pátápátá."

"Ṣé o ti ṣe Anmeldung?" Ìyẹn ni pé ṣé mo ti lọ sọ fún ìjọba pé ibí ni mò ń sùn.

"Hà, Àǹtí! Kí odò Elbe tó ní omi nínú ni orúkọ mi ti wà nínú ìwé wọn."

Ó pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá dáwọ́ dúró lórí irun tó ń dì.

"Gbọ́, Gbémiga. Mi ò wá ipò. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo torí ẹ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Aago méje àárọ̀ gééré ni wọ́n máa ń pè mí, wọ́n á kì mí láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà òtútù, méje tiwọn ni méje tiwa. Màá wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, màá gbọ́ oríkì mi tán, màá sunkún díẹ̀, màá lọ wẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sún aago yìí báyìí, méje tiwọn ti di mẹ́jọ tiwa. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, orí oníbàárà wà lábẹ́ omi, fóònù ń dún, ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ. Oṣù méje gbáko ni mi ò fi ní gbọ́ orúkọ bàbá mi lẹ́nu wọn."

"Kí Màmá kúkú máa pè ní aago mẹ́fà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní torí pé ìjọba Jámánì ń ṣeré, ṣé káwọn wá máa jí adìyẹ ni?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bí Hamburg bá lè ní aago tirẹ̀, a ò ní sún un mọ́. Ọdún mélòó lo rò pé ìyá mi ṣì máa fi pè mí?"

Mo búra níbẹ̀ pé ẹni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà á pé.

Àdúgbò Altona ní Hamburg la ti gba gbọ̀ngàn, lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n máa sún aago náà gan-an. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún wa, aago mẹ́ta sí mẹ́rin ọ̀sán. Mia, obìnrin Jámánì tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ti ṣe kìlọ̀kìlọ̀ pé bó bá di mẹ́rin òun á tìlẹ̀kùn, áńgẹ́lì ì báà wà nínú ilé.

Ẹ̀yin náà sì mọ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn èèyàn wa ní aago mẹ́ta, ọjọ́kanrí ló ń pè wọ́n sí. Kì í ṣe irọ́, ìwà ọmọlúàbí ni. Ẹni tó ń peni mọ̀, ẹni tí wọ́n ń pè náà mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja Fàúsátù, tó ń ta ẹ̀lùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, tí gbogbo Wilhelmsburg ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

"Aago méjìlá ọ̀sán ni o, Alhaja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́."

"Méjìlá ti òyìnbó ni àbí tiwa?"

"Ti òyìnbó paraku!"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti yé mi."

Mẹ́ta ló yé e. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ǹ bá ti jáde kúrò níbẹ̀ kí n lọ jẹun, ṣùgbọ́n ẹnu mi yìí, bí ẹṣin tó já okùn ni. Mo gun orí àpò ìrẹsì, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹgbẹ́ Aago ni wá! Lóru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aago rẹ̀! Ẹ pa ohun tó ń jẹ́ kí fóònù máa tún aago ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ti Jámánì máa lọ, kí tiwa dúró ti Èkó!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ débi tí ẹja gbígbẹ fi ń ta pàtìpàtì nínú àwo. Alhaja ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ebúté. Mo gbà pé mo gbọ́n.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ní aago mẹ́ta, Maximilian ti Berlin dé, búrẹ́dì lábíyá. Bùkọ́lá to fọ́ọ̀mù àti bírò sórí tábìlì bí ẹni to owó. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, Altona ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́: Yorùbá ló fi ń kíni, Jámánì ló fi ń jà. Àga ọgọ́ta, ìdí márùn-ún, yàtọ̀ sí tàwa. Àwọn márààrún sì ti fọwọ́ sí tiwọn tipẹ́.

"Gbémiga, àwọn èèyàn yìí dà?" Àǹtí Rónkẹ́ béèrè.

"Wọ́n ti wà lórí afárá. Ọkọ̀ ojú irin S-Bahn náà kún débi pé awakọ̀ fúnra ẹ̀ wà lórí ìdúró."

Ní mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ní, "Àwọn ọlọ́pàá ló ń bẹ̀ wọ́n ní ibùdókọ̀ pé kí wọ́n máa jáde ní mẹ́wàá-mẹ́wàá." Maximilian mirí, ó gbà. Ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí Rónkẹ́ ń wò, fóònù lọ́wọ́, bí ẹni tó ń retí ìpè. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí mẹ́rin lù, ó pe Alhaja, ó ṣí ohùn fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Alhaja, ẹ dà o?"

"À ń bọ̀! Kí lẹ̀ ń kánjú sí? Mẹ́ta ò tíì lù. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láyé wa, àkọ́kọ́ rèé tá a máa dé lásìkò tá a ní lọ́kàn!"

Méjìlá tí mo pè ti di mẹ́ta, mẹ́ta tí mi ò jẹ́ kí wọ́n sún ti di mẹ́rin. Àǹtí Rónkẹ́ rọra kọjú sí mi.

"Ta ló ní kí wọ́n má sún aago wọn?"

Mo wo òkè àjà.

Ní mẹ́rin gééré, Mia lé gbogbo wa síta, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ odò ń gbá wa létí. Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń yí gbirí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ ní ìkóríta, ọ̀wọ́ èèyàn, Alhaja Fàúsátù níwájú, ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sókè.

"Aago mẹ́ta géérégé! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wa!"

Tábìlì ti há sínú ilé. Bùkọ́lá kó fọ́ọ̀mù mọ́ àyà, ó ń fi Jámánì bínú, ó ní orí kí ni wọ́n máa kọ ọ́ sí. Àǹtí Rónkẹ́ wo ẹ̀yìn mi.

"Gbémiga, bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará, orí ẹ̀yìn mi yìí ni òṣèlú Hamburg gbà kọjá. Alhaja ń kọ orúkọ bí ẹni ń kọ ebè. Adétọ́lá tó ń gbẹ́rù ní ebúté gún bírò bọ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tí mo fi rántí orúkọ olùkọ́ mi ní kíláàsì kejì.

"Àdírẹ́sì mi gùn," ẹnì kan wí, "sún ìdí yẹn díẹ̀."

"Ẹ ṣe jẹ́jẹ́, egungun ni o!"

"Tábìlì kì í sọ̀rọ̀," Alhaja wí.

Bùkọ́lá ń yẹ káàdì ìdánimọ̀ Jámánì wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí. Àwọn tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ní bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì Maximilian. Nígbà tí ó kà á tán, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni gbogbo ẹ̀. Ó ku ẹyọ kan."

Àǹtí Rónkẹ́ dijú, ó tún lajú.

"Gbémiga ńkọ́? Ṣebí ó ti kó wá síbí. Kí tábìlì náà fọwọ́ sí i."

Ẹ̀rín sọ. Maximilian nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí kò gbọ́ Yorùbá. Mo nàró, ẹ̀yìn mi dún bí igi gbígbẹ.

"Èmi kẹ̀? Kí n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn àgbà."

"Àwọn àgbà ti kọ tiwọn. Gba bírò."

"Káàdì mi wà nílé."

"Èwo ló wá ń yọjú lápò ẹ̀wù rẹ yẹn?" Alhaja wí. Ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Mo já a gbà, mo nà án sí Bùkọ́lá, mo fi àtàǹpàkò bo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ gbé àtàǹpàkò yín kúrò, ẹ̀gbọ́n."

"Ó lẹ̀ mọ́ ọn ni. Òtútù yìí..."

Ó ká a kúrò bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó kà á sókè, ketekete: "Berlin. Neukölln."

Ojú gbogbo wọn yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí Rónkẹ́ ò pariwo. Ó kàn ní, "Gbémiga, ẹyọ kan péré."

"Ẹ gbá a mú!" Alhaja ti bọ́ bàtà.

Mo ju bírò nù, mo fò kọjá lórí kẹ̀kẹ́ kan, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ń sá lọ ni mo gbọ́ ohùn Mia lẹ́yìn mi, ó ń fi Jámánì pariwo pé kí wọ́n mú ìwé náà wá fún òun, pé Altona lòún ń gbé, òún fẹ́ lọ sílé. Mo wẹ̀yìn fìrí: ó fi kọ́kọ́rọ́ há ẹnu, ó na fọ́ọ̀mù mọ́ ilẹ̀kùn tó tì, ó ń kọ orúkọ. Àǹtí Rónkẹ́ fi igbe bọnu, ó gbé Bùkọ́lá kúrò nílẹ̀, Maximilian ń ju búrẹ́dì sókè.

Ṣé ó yẹ kí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ kí n má gba orúkọ níbẹ̀? Mo dúró, mo kọjú sí wọn, mo káwọ́ sókè kí n sọ fún wọn pé bí mo ṣe tò ó gan-an nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé Alhaja ti bọ́ bàtà kejì.

Mo tún ki eré mọ́lẹ̀.