Ta Ni Ìyá Kọ́tìnì?

Ìyá Kọ́tìnì ni wọ́n ń pè é ní ilé ìtura tó wà lórí òkè, wọn ò sì mọ̀ pé méjì ni. Ẹ̀gbọ́n ló ń wọn fèrèsé, òun ló ń gé aṣọ. Àbúrò ló ń rán an, òun náà ló ń gun àkàbà lọ gbé e kọ́, torí orúnkún Ẹ̀gbọ́n ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n jọra bí ìmumu, ẹni tó bá sì ráyè ló ń lọ. Bí wọ́n bá ti pe Ìyá Kọ́tìnì níbẹ̀, ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún á jẹ́. Wọn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Kò kàn sẹ́ni tó bi wọ́n ni.

Àfi ìgbà tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ dé. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìtura buwọ́ lù ú. Ẹ̀gbọ́n kà á lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, láàárín òwú àti àjákù aṣọ. Wọ́n pè é ní òṣìṣẹ́, wọ́n á sì máa san owó oṣù fún un. Kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ níbòmíì mọ́. Èyí tó dùn ún jù ni pé òun nìkan ni kó máa ṣe iṣẹ́ náà, kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíì wá dípò ara rẹ̀.

"Òṣìṣẹ́ kẹ̀?" ló ní. "Oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí! Èmi ni mo ni sísọ́ọ̀sì mi, èmi náà ni mo ni ẹnu tí mo fi ń sọ pé ó di ọ̀la."

Àbúrò rẹ́rìn-ín lẹ́yìn máṣíìnì. "Tó sì máa ń di ọ̀tunla."

"Mò ń sọ̀rọ̀ gidi, ò ń ṣàwàdà. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́."

Máṣíìnì dákẹ́. "Ẹ buwọ́ lù ú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti ń dàgbà, owó oṣù á rọ̀ yín lọ́rùn. Èmi á máa rán aṣọ iléèwé."

"Ta ló ń dàgbà? Ìwọ tí o ń tọ́mọ ló yẹ kó buwọ́ lù ú."

"Èmi tí mi ò lè gé aṣọ kó má wọ́?"

Bí wọ́n ṣe ń ti ìwé náà síra wọn nìyẹn, bí ẹran kan ṣoṣo tó kù nínú abọ́. Ká má purọ́, ẹ̀rù ń ba Ẹ̀gbọ́n. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, ariwo máṣíìnì àbúrò rẹ̀ ló ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n jọ lọ sí ilé ìtura náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Máníjà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, gbójú sókè. Ó wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú yín ni Ìyá Kọ́tìnì?"

Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ lanu, ó kàn nàka sí Àbúrò. Àbúrò náà ti nàka sí i.

"Ta ló wá gun àkàbà lọ́jọ́ Ajé?"

"Àbúrò mi ni."

"Ta ló bá mi jà lórí kọ́tìnì aláwọ̀ ewé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Ẹ má bínú sí wọn."

Máníjà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyẹn ni pé wọ́n ti ń rọ́pò ara wọn tipẹ́, òun ò sì rí àbùkù kankan nínú iṣẹ́. Ó mú bíírò.

"Tí mo bá pa 'òun nìkan' àti 'òṣìṣẹ́' rẹ́, ẹ lè gba iṣẹ́ níbòmíì, àmọ́ owó oṣù ò sí o. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wà la ó máa pè yín."

"Bó ṣe wà látijọ́ nìyẹn," Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ẹ pa á rẹ́, sà."

Àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ sílé, Àbúrò ní, "Ẹ nàka sí mi."

"Ìwọ náà nàka sí mi."

"Ká ní wọ́n mú èmi nìkan ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ǹ bá lọ jókòó ti máṣíìnì ẹ," ló wí, "ǹ bá máa sunkún."