Ẹ̀gbọ́n Wo Ni?

Bí ènìyàn bá dé Igbó-Ọrà tí ó ní òun kò rí ìbejì, ojú ni ó dì. Àwọn àlejò a máa bi wá pé kí ni a ń jẹ, a sì máa ń dá wọn lóhùn pé ọbẹ̀ ìlasa ni, nítorí kò dára kí a jẹ́ kí àlejò lọ láìgba èsì. Ohun tí àwa fúnra wa mọ̀ kò ju pé Ọlọ́hun fẹ́ràn wa lọ.

Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ní òsíbítù kan nínú ìlú náà, ni Àmínà ọmọ Búrẹ́mọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ọdún 1972 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ọjọ́ orí rẹ̀ ló kéré, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bí ọmọ kẹta. Iṣẹ́ tí ó kọ́ ni wọ́n ń pè ní kékeré. Ó kọ́ bí a ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí a ti ń se abẹ́rẹ́ nínú omi, bí a ti ń fọ egbò, bí a ti ń rọ oògùn sí ọmọ lẹ́nu tí kò fi ní pá a lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé ohun tí wọ́n bá ní kí nọ́ọ̀sì kékeré ṣe ni kí ó ṣe, kíá, láìbéèrè ọ̀rọ̀. Èyí náà, Àmínà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ohun kan wà tí ó ya Àmínà lẹ́nu lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dé òsíbítù, ẹnu kò sì tíì yé yà á. Ohun náà ni okùn dúdú tí àwọn dókítà máa ń gbé kọ́ ọrùn, èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà. Bí dókítà bá ti kì í bọ etí, tí ó gbé orí okùn náà lé aláìsàn láyà, ojú rẹ̀ á yí padà, bí ojú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà á gbé ojú sókè, á sì ti mọ̀. Kí ló gbọ́? Ta ló bá a sọ̀rọ̀? Àmínà ló ń nu okùn náà, òun ló ń tẹ́ ẹ sínú àwo, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kékeré kì í fi í kan etí. Òfin wọ́ọ̀dù ni. Nígbà tí ó bá ń nù ún, a máa fi ọwọ́ méjèèjì mú un, bí ẹni tí ó gbé Kùránì dání.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ènìyàn lè gbà kúrò láàárín àwọn nọ́ọ̀sì kékeré bọ́ sáàárín àwọn Sístà: kí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ńlá n'Íbàdàn. Àmínà ìbá ti lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Òun àti Salome ni wọ́n jọ pè, ọmọbìnrin Èrúwà kan tí ó dé wọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀, tí ó jẹ́ pé Àmínà gan-an ló kọ́ ọ bí a ti ń di báńdéèjì. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ ni ìyá Àmínà ṣubú lójú ọ̀nà oko, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Salome lọ. Àmínà dúró, ó ń wẹ ìyá rẹ̀, ó ń gbé e jókòó, títí ìyá fi tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Kò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n bí Salome bá wá kí wọn nígbà ọdún, tí ó wọ aṣọ funfun, tí àwọn ìyá ọmọ ń pè é ní Sístà, nǹkan a máa ta Àmínà láyà. Ẹni tí ènìyàn kọ́ ní báńdéèjì!

Wọ́n wá tún pè é lọ́dún yìí. Wọ́n sì fi kún un pé lẹ́yìn tọdún yìí, àwọn tí ó jáde sẹ́kọ́ńdìrì nìkan ni wọn yóò máa gbà. Ilẹ̀kùn àwọn nọ́ọ̀sì kékeré yóò tì. Àmínà ti ṣe ìdánwò orí ìwé, ó yege. Ó ku kí Sístà kan wá láti Íbàdàn wá wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí Sístà bá ní òun rí i pé ó dára, Íbàdàn yá. Bí ó bá ní rárá, nọ́ọ̀sì kékeré ni Àmínà yóò ṣe dọjọ́ ogbó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Búrẹ́mọ̀ bàbá rẹ̀ kò tètè lọ sóko. Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ́ léjìká.

"Àmínà, ohun tí wọ́n bá ní o ṣe ni kó o ṣe. Má bá àgbà jiyàn. Ọlọ́hun á ṣílẹ̀kùn."

"Àmín, Bàbá."

Sístà Rosaline ni orúkọ ẹni tí ó wá. Ọmọ ìhà Sàpẹ́lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ n'Íbàdàn, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ kiri. Ohun tí kò tíì dá a lójú ni ẹni tí à ń wí "o" fún àti ẹni tí à ń wí "ẹ" fún, nítorí náà ó ń wí "ẹ" fún gbogbo ayé, kí ó má bàa ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ó ti wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ ọwọ́ kan, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Àwọn ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín títí ọmú fi bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Àmínà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Okùn dúdú ló ń wò lọ́rùn Sístà. Kò tíì rí i lọ́rùn obìnrin rí, obìnrin yìí sì gbé e kọ́rùn wẹ́rẹ́, bí ìborùn tí ènìyàn mú lọ sọ́jà.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìbejì Hàlímọ̀ ará Lánlátẹ̀ wà, obìnrin méjèèjì, tí wọn kò tíì pé oṣù méjì láyé. Wọ́n jọra débi pé ìyá wọn so òwú dúdú mọ́ Kẹ́yìndé lọ́wọ́, kí ó má bàa fún ọ̀kan lọ́yàn lẹ́ẹ̀mejì kí ebi máa pa èkejì. Ibà ló mú ọ̀kan nínú wọn. Dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò, ó ti kọ oògùn sílẹ̀, ó sì ti lọ síbi àwọn aláìsàn tí ń dúró dè é ní Ìgàngàn. Hàlímọ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ ọmọ. Sístà ka ohun tí dókítà kọ, ó pe Àmínà.

"Ẹ̀gbọ́n ni ara rẹ̀ gbóná," ni ó wí, ó ń fi Yorùbá rẹ̀ yangàn. "Ẹ fún ẹ̀gbọ́n ní oògùn ibà, ṣíbí kékeré kan."

"Ó yé mi, mà."

Ó sì yé e lóòótọ́. Ta ni kò ní yé ní Igbó-Ọrà? Àmínà wo ọwọ́ àwọn ọmọ, ó rí òwú dúdú, ó sì gbé Kẹ́yìndé. Ó fi apá gbé e lórí, ó ń rọ oògùn náà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Oògùn ọ̀hún korò ju ewúro lọ. Ọmọ náà fajú ro, ó tu díẹ̀ dànù, ó gbé ìyókù mì. Sístà dúró lẹ́yìn wọn, ó jọ pé ohun tí ó ń rí tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìgbà tí Àmínà fẹ́ tẹ́ ọmọ náà padà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé ara tí ó kan òun lápá tutù. Ara ọmọ tí ibà ń ṣe kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí èkejì tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara ìyẹn gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Àmínà wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Sístà kò mọ̀, Hàlímọ̀ kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ kò sì lè sọ̀rọ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ pé kí òun má bá àgbà jiyàn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ya ẹnu báyìí, Íbàdàn lè gba ẹnu náà bọ́ lọ. Ó wo ọmọ tí ó wà lápá rẹ̀. Ọmọ náà ṣì ń pọ́n ètè lá, ó ń wò ó.

"Sístà," ni Àmínà wí, "ẹ̀gbọ́n wo ni?"

"Ẹ̀gbọ́n wo ni, báwo? Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bí."

"Mà, Táyé ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ṣùgbọ́n Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n. Kẹ́yìndé ni mo fún lóògùn. Ara rẹ̀ ò gbóná, mà."

Sístà kò pariwo. Ó gba ọmọ náà, ó ní kí Àmínà kọ́kọ́ fún Táyé ní oògùn tirẹ̀. Nígbà tí ìyẹn parí, ó bọ́ okùn dúdú kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó nà án sí i.

"Oògùn yìí a máa da ọkàn ọmọdé láàmú nígbà míì. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa gbọ́ ọkàn rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń fò, tàbí tó ń falẹ̀, ẹ pè mí."

"Èmi, mà? Nọ́ọ̀sì kékeré kì í..."

"Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ."

Àmínà ki okùn náà bọ etí. Ní àkọ́kọ́, gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ki orí bọ inú odò. Ó gbé orí okùn lé àyà ọmọ náà. Ó sì gbọ́ ọ.

Gbì-dì, gbì-dì, gbì-dì. Ó yára, ó sì gún régé, bí ẹni méjì tí ń gún nǹkan nínú odó kékeré kan ní agbolé kejì, tí ọ̀kan ń gbé ọmọ odó sókè bí tèkejì ti ń sọ̀ kalẹ̀. "Súbùhánálláhì!" ni ó bọ́ lẹ́nu Àmínà. Ìyá Ìbejì mìíràn tí ó wà ní bẹ́ẹ̀dì òdìkejì bi í pé kí ló dé, kò tilẹ̀ gbọ́. Omi ti lé ròrò sí i lójú. Àyà tí òun ti ń wẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tí òun ń nù, tí òun ń fi aṣọ bò, ṣé ohun tí ń lọ nínú rẹ̀ nìyí? Kò sí ẹni tí ó ní kí ó máa ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń bá a gbà á. Láti inú ìyá rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sinmi. Ó ń lọ báyìí lára ìyá òun nílé, ó ń lọ lára Búrẹ́mọ̀ níbi tí ó ti ń kọ ebè. Àmínà fi ọwọ́ òsì kan àyà ara rẹ̀ níkọ̀kọ̀. Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́hun bà á, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ èyí tí òun ìbá fi hàn.

Hàlímọ̀ wọlé, aṣọ tútù léjìká, Àmínà sì kúnlẹ̀ rò ó fún un. Hàlímọ̀ kọ́kọ́ figbe ta, ó gbá ọmọ mọ́ra. Nígbà tí Sístà ti ṣàlàyé fún un pé ọmọ náà ti tu nínú oògùn náà dànù, tí òun fúnra rẹ̀ sì rí i tí Kẹ́yìndé ń wá ọmú, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa náà," ni ó wí. "Kẹ́yìndé rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Táyé ti rán òun náà pé kó lọ tọ́ oògùn wò."

Ní gbogbo ọ̀sán náà Àmínà kò kúrò níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ti Kẹ́yìndé, ó ń gbọ́ ti Táyé. Ti Táyé ń sáré nítorí ibà, ṣùgbọ́n bí oòrùn ti ń rọ̀ ni ó ń rọ̀, títí àwọn méjèèjì fi ń lọ bákan náà. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, Kẹ́yìndé ti sùn fọnfọn, kò sí ohun tí ó ṣe é. Sístà wá, òun náà gbọ́, ó sì gba okùn rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò béèrè kí ẹ tó fún un?"

"Wọ́n kọ́ wa pé ká má béèrè, mà."

"Ní ilé wa, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé tí tiyín fi yàtọ̀?"

Àmínà sọ fún un: pé Kẹ́yìndé ló ń sọ fún àbúrò rẹ̀ nínú ikùn pé kí ó ṣáájú lọ wò bóyá ayé dùn. Bí Táyé bá dé ibẹ̀, á ké, Kẹ́yìndé á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni àgbà. Sístà fa aṣọ bo àwọn ọmọ méjèèjì.

"Àṣìṣe òní náà, ìbejì ni," ni ó wí. "Èmi bí ọ̀kan, ẹ̀yin bí ọ̀kan. Tèmi ló kọ́kọ́ jáde, nítorí náà tiyín ni ẹ̀gbọ́n."

Àmínà wo ilẹ̀. Ó ti gbà pé ó tán.

"Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí kò béèrè là ń bá wí. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, mà."

"Ṣé ẹ ní àpótí?"

"Àpótí, mà?"

"Èyí tí ẹ máa kó aṣọ sí. Ẹ sọ fún bàbá yín kó wá a fún yín kí oṣù yìí tó parí."

Búrẹ́mọ̀ wá àpótí náà. Ó sì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ Íbàdàn ti ń gbéra, ó ń ṣàdúà títí dẹ́rẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Ohun kan ṣoṣo ni Àmínà ń rò lọ́nà. Ó ń fi ẹnu rẹ̀ kọ́ bí yóò ti pe Salome, nítorí ẹni tí ó bá ti wà lọ́dún kẹta, Sístà ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gbọ́dọ̀ máa pè é. "Sístà Salome, ẹ kúuṣẹ́ mà." Ó gbé e lẹ́nu títí, kò rọgbọ. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì, Salome ti dúró síbẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, okùn dúdú lọ́rùn rẹ̀. Àmínà gbé àpótí sílẹ̀, ó mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún.

Orúnkún Salome ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, tòun taṣọ funfun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀."

"Salome, dìde! Wọ́n ń wò wá. Ìwọ lo ṣáájú mi débí."

"Táyé ló máa ń ṣáájú." Ó ti gbé àpótí náà lérí. "Ẹ rán mi ní ọdún méjì sẹ́yìn pé kí n lọ tọ́ ọ wò. Mo ti tọ́ ọ wò."

Àmínà wo ilé funfun gíga tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, fèrèsé lórí fèrèsé, àti àwọn ọmọbìnrin tí ń wọlé tí ń jáde. Ó ń gbọ́ àyà ara rẹ̀ láìfi nǹkan kan sétí.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó korò," ni Salome wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bọ̀."