Lukman Ti Papò Dà

"Mùnírátù, kí lo sọ lẹ́yìn orúkọ Lukman?"

Alhaji Hàkímù, ọ̀gá ilé rédíò ìjọba tó wà n'Ífọ̀, ló bèèrè. Fóònù ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, òmíì ń dún lọ́wọ́ òsì.

"Lukman mẹkáníìkì ló ní ká bá òun kéde, sà. Pé sọ́ọ̀bù òun ti kúrò n'Ífọ̀, ó ti dé Akute."

"Ṣé bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Mùnírátù tó ka ìkéde náà wolẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí tó ti Abẹ́òkúta wá ló kó sí i lórí. Ìjọba ló rán an wá wò ó bóyá kí wọ́n ti ilé rédíò ọ̀hún pa, torí wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́, fóònù ni gbogbo ayé tẹjú mọ́. Mùnírátù wá ní kóun fi Yorùbá gidi hàn án. Dípò kó sọ pé "ó ti kó lọ," ó ní, "Lukman mẹkáníìkì ti papò dà..." "Sí Akute" ló kù tí iná fi lọ. Jẹnẹrétọ̀, wọ́n fà á títí, kò jí.

Ta sì ni wọ́n ń sọ pé ó papò dà, bí kò ṣe ẹni tó ti kú?

Mùsùlùmí ni Lukman, òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Kíá, iwájú ilé rédíò ti kún. Àwọn mẹkáníìkì wá, àwọn onímọ́tò wá, Lèmọ́mù náà dé, ó ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa kírun sí i lára.

"Ó ti tán," Mùnírátù sọ sínú. "Ẹnu èmi gan-an ló ti ilé rédíò pa."

Ibi tó ti ń rò ó ni ọ̀kadà kan ti já Lukman sílẹ̀, ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ ẹ̀.

"Àǹtí Mùnírá, irinṣẹ́ mi tó kù ni mo wá kó nílé. Mo bá wọn, wọ́n ti gbé omi tí wọ́n máa fi wẹ̀ mí kaná. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Lèmọ́mù fọwọ́ kàn án léjìká. "Alhamudulilai. Òkú tó ń rùn pẹtiróòlù rèé."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Afọlábí tó dúró létí fèrèsé ò tíì rẹ́rìn-ín.

"Alhaji, ṣé orí rédíò yìí ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ?"

"Ibo tún ni, sà?"

Ó wá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n rán mi wá wo ilé rédíò tí kò lólùgbọ́. N ò rí i. Ohun tí mo máa lọ sọ fún wọn nìyẹn."

Mùnírátù mí kanlẹ̀. Bí iná ṣe dé báyìí, Alhaji na ọwọ́ sí àga tí Mùnírátù ti ń kéde. "Ìwọ lo pa á. Lọ jí i dìde."

Ó jókòó, ó fa máíìkì mọ́ra.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, Lukman ò kú o. Ó kó lọ sí Akute ni. Omi tẹ́ ẹ ti gbé kaná, ẹ má dà á nù. Òun fúnra ẹ̀ ló máa fi fọ ọ́ìlì ara ẹ̀."