Ewúrẹ́ Tí Mo Pọ̀n Lójú Àlá

Òjò wẹẹrẹ ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí Ìyá Délé, ọ̀rẹ́ mi, yà kí mi. Ó mọ̀ pé wọ́n ní kí n ṣe olè nínú eré ìkórè ìjọ wa, mo sì ti kọ̀. Èmi tí mo ní ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án! Kí ni wọ́n máa pè mí?

Mo ní, "Jókòó. Mo lá àlá kan. Orí ìtàgé ni mo wà, àmọ́ ilé ìdáná mi ni. Mo jí ewúrẹ́ alága ìjọ, mo sì fi aṣọ pọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe ń jáde lọ, alága yọ. Mi ò kúkú lè kọjá láìkí i. Mo ní, 'Ẹ kú ilé o.' Ó ní, 'Màmá, ẹ kú ewu ọmọ! Irùngbọ̀n rẹ̀ mà ti jáde!' Ló bá gbàdúrà fún un. Ewúrẹ́ ní, 'Àmín.' Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi."

Ìyá Délé rẹ́rìn-ín títí. "Olè tó ń kí onílé! Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n orí mi ṣì ń wú."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ẹni tó ń darí eré. Mo ní mo ti gbà, kó kọ orúkọ mi gàdàgbà sínú ìwé eré ṣáájú ti gbogbo òṣèré yòókù.