Èyí Tó Kan, Èyí Tó Kàn

Títí di òní, tí ìgò bá ró "póò" níbikíbi, àyà mi á já. Tẹ́lẹ̀, kò sóhun tó ń dẹ́rù bà mí ní súpámákẹ́ẹ̀tì wa àfi oníbàárà tó bá kó ẹrù kún kẹ̀kẹ́ tán, tó wá sọ fún mi ní káńtà pé òun gbàgbé pọ́ọ̀sì sílé. Káńtà tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù ni tèmi. Aláròyé ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, n ò sì bá wọn jà, torí òótọ́ kò ṣeé jiyàn sí.

Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà mi, níwájú fèrèsé ńlá tí oòrùn ń gbà wọlé. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń to wáìnì tí Atọ́wò bá yàn sí. Atọ́wò lobìnrin tó ń bá súpámákẹ́ẹ̀tì ṣa wáìnì káàkiri ayé, èyí tó dùn, tí owó rẹ̀ kò sì gani lára. Ọ̀gá mi ni lẹ́nu iṣẹ́, àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, nítorí náà "ẹ" ni àwa méjèèjì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kì í gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu ẹnì kejì.

Ká sòótọ́, obìnrin náà mọṣẹ́. Á máa sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ má tìtorí pé ìgò wúwo ra wáìnì o. Ìgò lẹ̀ ń sanwó fún yẹn, ẹ ò sì ní mu ìgò." Tẹ́nì kan bá ní ti Faransé olókìkí lòun fẹ́, á rẹ́rìn-ín. "Òkìkí náà ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ yà sí abúlé tó bá a pààlà, oòrùn kan náà ló ń ràn níbẹ̀." Pupa Ṣílè fún ẹran, pupa Sípéènì tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú àgbá fún àlejò, funfun Gúúsù Áfíríkà fún ọjọ́ tí èèyàn kàn fẹ́ sinmi. Funfun olówó pọ́ọ́kú tó bá ti ń dàgbà lórí pẹpẹ, kí wọ́n jẹ́ kó máa dàgbà níbẹ̀. Èmi tí n kì í mu ju omi lọ, mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí.

Wáìnì kan ṣoṣo ló ń wà lórí tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti ń tán lọ, Gbéra, bàbá tó ń kó ẹrù jáde láti sítọ̀ọ̀, á bèèrè pé, "Èwo ló kàn?" Atọ́wò á ní, "Èyí tó kàn ni tàwọn Ítálì," tàbí ti ibòmíì, Gbéra á sì lọ gbé e síta. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, bí ẹní ń kíra. Gbéra kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́.

Bàbá tó bí Atọ́wò náà máa ń wá. Káfíńtà ni nígbà kan, èérún igi kan ló ta sí i lójú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú òsì sì lọ. Tí mo bá ní kí n bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹyọ ojú tó kù yìí ń rí yín ju bí ẹ ṣe ń rí ara yín lọ." Wáìnì tí ọmọ rẹ̀ bá yàn nìkan ló ń rà. Wọ́n máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ ọrùn ìgò, wọ́n á kọ "Àyànfẹ́ Atọ́wò" sí i. Bàbá á fi han ẹni tó bá tò sẹ́yìn rẹ̀: "Ọmọ mi nìyẹn o."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Atọ́wò gbé wáìnì díẹ̀ lọ sí ẹ̀ka wa kejì kí àwọn ọ̀gá tọ́ ọ wò. Funfun tuntun kan láti Pọ́túgà wà lára wọn, irú èyí tó máa ń ta ahọ́n díẹ̀. Òun gan-an ló kàn lórí tábìlì wa. Bó ṣe ní kí òun ṣí i, ìdérí fò lọ bá àjà, wáìnì sì hó dà sórí tábìlì. Ó tọ́ ọ wò. Ó ti kan. Ó wo inú páálí, ó bá ìgò mìíràn tó ti bẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti dé wáìnì náà mọ́ inú ìgò kó tó hó tán, ló bá ń hó lọ níbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń kóra jọ. Tí ooru bá lè bá a, á fọ́ dànù, dígí á sì máa fò kiri.

Ó pe Gbéra títí, kò wọlé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé inú sítọ̀ọ̀. Ó bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́: "Eyi to kan ni ki e gbe sita kiakia. Ko gbodo ku eyo kan ninu sitoo."

Kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan. Ta ló ń fi àmì sórí àtẹ̀jíṣẹ́? Èyí tó ti kan ló ń wí, pé kí wọ́n gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Nígbà tí Gbéra jáde nínú sítọ̀ọ̀ tó rí i, ó kà á sí èyí tó kàn. Ó fèsì pé òun ti kó gbogbo rẹ̀ síta, Atọ́wò sì mí kanlẹ̀.

Èmi rí Gbéra tó ń kó páálí bọ̀, òógùn bò ó. "Ṣé wọ́n ń lé yín ni?" mo bi í. Ó ní, "Ọ̀gá ní kíákíá." Ó to ìgò náà sórí tábìlì, oòrùn bọ́ sí i lára, ó ń dán gbinrin. Mo tiẹ̀ yìn ín.

Bàbá dé kò pẹ́ sígbà náà. "Tuntun nìyí?"

"Tuntun ni, Bàbá. Ọmọ yín ló yàn án."

Ó mú méjì. Ó ní òun á kọ́kọ́ fi sínú omi gbígbóná nílé, torí ohun tútù ń bá eyín òun jà.

"Bàbá, wáìnì funfun ni wọ́n ń mu ní tútù."

"Eyín tìẹ ni àbí eyín tèmi?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kí Atọ́wò tó wọlé. Ó rí tábìlì, báàgì ọwọ́ rẹ̀ sì já bọ́. "Ta ló kó èyí síbí?"

Gbéra sáré jáde. "Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní kí n gbé èyí tó kàn síta."

"Èyí tó kan! Èyí tó ti kan ni mo ní!"

Gbéra na fóònù sí i, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, à ń wò ó. Ọ̀rọ̀ náà kàn wà níbẹ̀ láìní àmì lórí, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. "Èyí tó kan ọ̀hún náà ṣáà ló kàn," ni Gbéra ń wí lọ́wọ́ tí ìgò kan fi bẹ́ lórí tábìlì.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé abẹ́ káńtà. Nígbà tí mo yọjú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá Gbéra, àwọn oníbàárà ti ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Atọ́wò fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé wọn sẹ́yìn, Gbéra fi ọwọ́ kan da aṣọ ìnulẹ̀ tútù bo ìgò tó kù. Wọ́n kéde fún ẹni tó bá ti rà á pé kó má ṣe mú un dání, kó jáde kúrò ní yàrá tó bá wà. Lẹ́yìn náà Atọ́wò kọjú sí mi. "Àwọn wo lẹ tà á fún?"

Èmi Aláròyé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo rí sọ: "Bàbá rà méjì."

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá yín. Ó ní òun máa fi sínú omi gbígbóná."

"Kí lo sọ?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀. N ò tiẹ̀ rántí bínú.

Ó pè é, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Tí Bàbá bá ti ń ṣáájì fóònù rẹ̀, kì í gbé e. Èmi àti Atọ́wò bá ki eré mọ́lẹ̀. Ilé náà ò jìnnà, ẹ̀yìn ilé ìwé ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dà bíi pé ẹnì kan ń fà á sẹ́yìn fún wa. Mo sanra, n kì í sáré, mo sáré. Òwe kan tí ìyá mi máa ń pa ló ń dún ní orí mi: olójú kan kì í tàkìtì òró. Ojú ẹyọ kan. Tí dígí bá lọ bá ìyẹn, òkùnkùn nìyẹn títí ayé, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi di ìgò náà sínú báàgì fún un. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń bẹ Ọlọ́run sókè lójú títì.

Atọ́wò ń fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn. "Bàbá! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ta nìyẹn? Ẹ ní sùúrù, kí n gbé nǹkan kalẹ̀ lórí iná."

"Ẹ má gbé e! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Ó kan?" ni bàbá dáhùn láti inú lọ́hùn-ún. "Mo mọ̀ pé ó kan." A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ lọ sí ilé ìdáná.

Atọ́wò ti ara mọ́ ilẹ̀kùn, ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Kò tiẹ̀ tì í. A rí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò omi, ó gbé ojú kan ṣoṣo yẹn sún mọ́ ọrùn ìgò, ó ń wo bí ó ṣe ń hó. Ọmọ rẹ̀ gbá a mú lẹ́yìn, ó wọ́ ọ jáde bí àpò. Èmi fa ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo fi ẹ̀yìn tì í.

Póò.

Mo gbọ́ dígí tó ń já lu ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi. Ìkòkò yí lórí ilẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tí mo ráyè wọlé lọ pa iná, mo rí àfọ́kù kan tó gún pátákó pẹpẹ lókè ìdáná, ibi tí ojú bàbá wà kí Atọ́wò tó wọ́ ọ jáde.

Bàbá jókòó sórí àga. Ìgò àkọ́kọ́ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ṣófo, bébà "Àyànfẹ́ Atọ́wò" ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ ti mu ìyẹn?" ni Atọ́wò bi í. "Kò kan ni?"

"Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi mu ún tán, Bàbá?"

Ó wò ó. "Ìwọ lo yàn án. Mo ní bóyá ẹnu tèmi ni kò mọ ohun tó dáa mọ́. Mo wá ní kí èkejì pẹ́ díẹ̀ sí i nínú omi gbígbóná, bóyá adùn ẹ̀ á jáde."

Atọ́wò kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ bo ojú tó kù náà, bí ẹní ń bo fìtílà kí atẹ́gùn má bàa pa á.

"Ọmọ yìí, mú ọwọ́ kúrò," ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "N ò ríran."

Kò mú un kúrò.