Ọkọ̀ Tí Kì í Tẹríba

"Ṣé ọkọ̀ náà dúró, àbí kò dúró?"

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí adájọ́ bi í. Aránṣọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí àpótí ẹlẹ́rìí mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ilé ẹjọ́ dákẹ́ lọ, àfi fáànù òkè tó ń dún gíì, gíì, tí kò sì fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni. Ní ìlà iwájú, bàbá rẹ̀ jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún. Nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá náà, òun nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ gan-an nìyẹn o.

Ẹjọ́ náà kò gùn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá náà wa ọkọ̀ aláìsàn gba oríta tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ri pátákó pupa kan mọ́, tí wọ́n kọ DÚRÓ sí gàdàgbà. Ìbáà jẹ́ pé ọ̀nà ṣófo, ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá kó tó kọjá. Ọlọ́pàá ojú pópó kan tó wà ní òdìkejì títì fọn fèrè, ó ní bàbá kò dúró, ó sì kọ tíkẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́. Ká ní owó ìtanràn nìkan ni, wọn ì bá ti san án kí wọ́n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ní òfin tirẹ̀, òfin náà kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀: awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni bàbá. Ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ lé irú rẹ̀ lọ́wọ́?

Bàbá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ náà, wọ́n sì fi ìfẹ́ sọ ọ́. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́: wọ́n ní bí òun àti ìgbín bá jọ ń lọ sí ibì kan, ìgbín á dé, á jẹun, á sùn, á tún wá wò ó lọ́nà.

Sájẹ́ǹtì tó kọ tíkẹ́ẹ̀tì ti kọ́kọ́ jẹ́rìí tirẹ̀. Ẹni gbọọrọ ni, aṣọ rẹ̀ gún régé, bàtà rẹ̀ ń dán. Kì í gba rìbá, kì í sì í purọ́ mọ́ni. Ohun tó mú kí àwọn awakọ̀ bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn.

"Olúwa mi," ó ní, "ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní oríta. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n má wo táyà, torí téèyàn bá wà lókèèrè, táyà máa ń tan ojú jẹ. Imú ọkọ̀ ló ní kí n máa wò. Ọkọ̀ tó bá dúró lóòótọ́, imú rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀, á tún gbérí sókè. Kò sí ọkọ̀ tó ń dúró tí kì í tẹríba. Ti bàbá yìí ò tẹríba rárá. Ṣe ló rọra kọjá lọ. Mo sọ fún wọn níbẹ̀ pé ojú mi ò fọ́."

Wàyí o, aránṣọ náà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ ibùsùn tó rán fún ilé ìwòsàn ló ń gbé lọ, bàbá rẹ̀ sì fún un láyè lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó kan tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Oorun ni ìyá náà ń sùn. Kò lè jẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù fún bàbá ni ọmọ rẹ̀. Láti àárọ̀ àná ló ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń fi "Ó dúró, olúwa mi" kọ́ ẹnu ara rẹ̀. Gbólóhùn kékeré kan péré. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

"Ṣé o mọ̀ pé mo dúró?"

"Ṣebí ẹ ní ẹ dúró, bàbá mi."

"Èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ohun tí o bá mọ̀ ni kó o sọ."

Ohun tó mọ̀ ọ̀hún gan-an ló ń dẹ́rù bà á. Kò mọ ìdúró kankan lára lọ́jọ́ náà. Ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀, ó gbà pé ọ̀gbẹ́ni ọlọ́pàá jàre, pé àgbà ti dé sí bàbá òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì le lórí bíréèkì mọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn, èyí tí kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí àìsàn wọ inú egungun ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kì í yẹ̀ kí bàbá má fi ọkọ̀ gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ á jókòó síwájú, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé ìyẹn lè mú un sáré. Ọkọ̀ á máa fà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ á máa kọjá wọn. Bí wọ́n bá wá dé, tí bàbá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyá á béèrè pé, "Ṣé a ti dé?" Lójú ọmọ, ọ̀nà tó jìn ló ti sú ìyá tó fi ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá kú kí ọdún náà tó parí. Ó lé ní ogún ọdún báyìí. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti mọ iṣẹ́, ó ń gbọ́únjẹ fún bàbá rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dárí ìfàlẹ̀ yẹn jì í.

"Mò ń gbọ́ yín," ni adájọ́ wí.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Aránṣọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà mi orí sí i, bí ìgbà tó ń sọ fún un pé kó rọra sọ̀kalẹ̀.

"Mi ò mọ̀, olúwa mi. Mo wà nínú ọkọ̀, mi ò sì sùn. Mi ò mọ̀ ọ́n lára pé a dúró."

Ilé ẹjọ́ kùn hùn-ùn. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ọmọ yìí mà ti ta bàbá ẹ̀!" Aránṣọ náà rò pé ilẹ̀ yóò la ẹnu gbé òun mì, ilẹ̀ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Adájọ́ yìí, obìnrin tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, yíjú sí bàbá. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín wí?"

"Mo gbọ́, olúwa mi. Òótọ́ ló sọ."

"Ẹ ṣì ní ẹ dúró?"

"Mo dúró. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó tún lọ. Àwọn tí mò ń gbé kì í mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, mo ti ṣẹ̀ wọ́n nìyẹn."

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo bàbá títí, bí ẹni tó rí ìwé tí ó rò pé òun ti kà tán, tó wá rí i pé ó ku ojú ewé kan. Ó ní, "Ọkọ̀ yín dà?"

Ọkọ̀ wà níta. Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe tú jáde bí ìgbà tí wọ́n pe ìsinmi nílé ìwé. Pátákó pupa kan wà lẹ́nu géètì ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Adájọ́ pàṣẹ, akọ̀wé kóòtù sì fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà sára táyà iwájú, láti àárín dé etí. Wọ́n bu omi kún ife kan dé ẹnu, wọ́n gbé e fún sájẹ́ǹtì, wọ́n ní kó lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀.

"Omi ni kẹ́ ẹ máa wò," ni adájọ́ sọ fún un. "Ẹ má wo ìta. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹ pariwo."

Aránṣọ náà lóṣòó sí etí ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ̀wé. Kò tíì wo ọkọ̀ bàbá rẹ̀ láti ibẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ló máa ń wà.

Ọkọ̀ gbéra. Ìlà funfun náà ń yí: ó lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó lọ sókè. Bó ti ń sún mọ́ pátákó, yíyí náà ń dẹ̀, ó ń dẹ̀ sí i, tí èèyàn kò lè tọ́ka sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ìlà náà sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó kan ilẹ̀, ó dúró.

Ó dúró!

"Ení," ni akọ̀wé ń kà lábẹ́ ẹnu. "Èjì. Ẹ̀ta."

Kò sí ohun tó mì. Imú ọkọ̀ wà ní ibi tó wà. Lójú fèrèsé ẹ̀yìn, sájẹ́ǹtì tẹjú mọ́ ife rẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé. Lẹ́yìn náà ni ìlà funfun tún gbéra nílẹ̀, ó sì ń lọ sókè. Ọkọ̀ ti kọjá pátákó dáadáa kí sájẹ́ǹtì tó ké láti inú pé, "Bàbá, ẹ má gbàgbé, ẹ dúró tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ o!"

Èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ro ohun tí wọ́n rí.

Sájẹ́ǹtì sọ̀kalẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ gbẹ táútáú, omi ṣì kún ife dé ẹnu. Wọ́n sọ fún un. Kò gbà. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún wọlé, omi tún tàn án jẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ife fún akọ̀wé, ó wá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku, tòun taṣọ ọlọ́pàá tó gún régé yẹn, ó sì gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ táyà. Ìlà funfun dé ilẹ̀, ó dúró. Ọlọ́pàá náà ka ení, èjì, ẹ̀ta fúnra rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọdé.

"Kò tẹríba," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ó dúró, kò tẹríba."

Ẹ̀rù ba aránṣọ náà, irú ẹ̀rù tó máa ń bà á bó bá gbé aṣọ tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ rán lọ́wọ́, tó wá ojú ìrán títí tí kò rí i. Bàbá yìí ni òun ń bu ọbẹ̀ fún lójoojúmọ́. Òun sì wà lára àwọn tó rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le mọ́.

"Òfin ní kí ọkọ̀ dúró," ni adájọ́ wí, níbẹ̀ lórí ìdúró, láàárín eruku. "Òfin ò ní kó mi èèyàn. Ẹ máa lọ sílé, bàbá. Ẹjọ́ ti parí."

Sájẹ́ǹtì ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, bàbá."

"Ojú rẹ ò fọ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ lò ń ṣe."

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ti ń lọ sílé, aránṣọ náà jókòó síwájú.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Màmá rẹ." Bàbá kò yíjú kúrò lọ́nà. "Bí mo bá ti tẹ bíréèkì báyìí, á ké. Egungun rẹ̀ ò gba kí nǹkan jà á. Ibi mọ́kànlá lèèyàn ti gbọ́dọ̀ dúró láti ilé dé ọsíbítù. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lá ké ní àlọ, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ní àbọ̀. Mo wá ń jí jáde láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jí, màá gbé abọ́ omi sí àga ẹ̀yìn, màá máa dúró, màá máa lọ. Gbogbo àga yẹn ló rà tán." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tó yá, omi ò dànù mọ́. Ìgbà tó tún yá, ó ń rí oorun sùn lọ́nà. Kì í sùn nílé mọ́ nígbà yẹn, ṣé o rántí? Inú ọkọ̀ nìkan ló ti ń sùn."

Aránṣọ náà yíjú sí àga ẹ̀yìn. Ó rántí. Kì í ṣe ohun tó rò pé òun rántí.

Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò sọ síta rí? Ó bọ́ bàtà, ó tẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ sílẹ̀ ọkọ̀, ó di ojú. Pátákó pupa kan ṣì wà níwájú, ní ìyànà àdúgbò wọn. Ó pinnu pé bí bàbá bá dúró níbẹ̀, òun yóò mọ̀ ọ́n. Ó fi gbogbo ara gbọ́. Ó ń dúró de ìdúró náà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń kùn jẹ́jẹ́, oòrùn ọ̀sán ń kan ipéǹpéjú rẹ̀, ó sì ń dúró dè é síbẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ṣí. Bàbá rẹ̀ ló dúró níta, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà ilé wọn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé a ti dé?" ló jáde lẹ́nu ọmọ.

Bàbá fi ọwọ́ mú ilẹ̀kùn.

"A ti dé," ó ní. "Rọra sọ̀kalẹ̀."